Olè-Amọ̀ Tí Kò Fọwọ́ Kan Amọ̀ Ẹfúnyẹlá

Lábọ̀ṣíndé aláàárù ló kọ́kọ́ sọ fún Ẹfúnyẹlá pé ìkòkò rẹ̀ ti là sílé onílé. Ọkùnrin náà kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìbíyẹmí, ẹ má bínú sí mi, ẹnu mi kọ́ ló là á. Àwọn ìyá ẹkù da epo gbígbóná sínú ìkòkò yín, ó là láti etí dé ìdí. Wọ́n da sínú èkejì, òun náà là. Epo ń ṣàn nílẹ̀ bí àgbàrá, adìẹ ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀."

Amọ̀kòkò ni Ẹfúnyẹlá yìí, ní ìlú Ìdí-Ebu, láyé àtijọ́. Ebu ni ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, tí wọ́n sì ti ń sun ún. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú, kò fi oko sílẹ̀, kò fi ẹrú sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù sí i lọ́wọ́, Ìbíyẹmí, omidan tó ti tó ilé ọkọ. Ọwọ́ rẹ̀ àti amọ̀ ló fi ń bọ́ ọ. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ti ru ìkòkò tà rí, mo mọ ohun tí ìkòkò tó là ń ṣe fún ẹni tó tà á. Iṣu tó bá rà, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ẹran tó bá bàjẹ́, ajá á jẹ ẹ́. Ìkòkò tó bá là, orúkọ ẹni tó mọ ọ́n ló ń jẹ.

Ẹfúnyẹlá dé ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ìyálẹ́kù, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

Ó ní, "Ìyá Ìbíyẹmí, a ò bá ọ jà. Ìwọ lo gbà láti mọ gbogbo ìkòkò tí a ó fi kó epo ọdún yìí sí. A ti san epo fún ọ sílẹ̀, o ti gbà, o ti sè é jẹ. Ìkòkò wa dà? Títí tí wọn yóò fi pé, ọmọ rẹ ni ìwọ̀fà wa. Yóò máa bá wa gún ẹyìn."

Bí Ìbíyẹmí ṣe wọ ẹkù nìyẹn, tó ń gún ẹyìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tí èéfín ń ta á lójú. Ẹfúnyẹlá nìkan ló padà sílé.

Ó dé ebu rẹ̀, ó bá wàhálà mìíràn níbẹ̀. Àwọn abìyẹ́ ti gba ilé. Lókè ẹnu ọ̀nà, lábẹ́ òrùlé, àwọn kan so ilé wọn rọ̀ bí asẹ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ti ta ẹni tó ń ta igi ìdáná fún un ní ìpéǹpéjú, ojú rẹ̀ sì dí. Nínú ìkòkò ńlá kan tó wà ní ìdojúdé lórí òkúta, àwọn mìíràn wọlé bí ìkùukùu, inú ìkòkò náà ń kùn hùn-ùn láti àárọ̀ dalẹ́. Lára ògiri ẹ̀yìn, òmíràn dúdú kan tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ ń gbé amọ̀ wá sẹ́nu, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń mọ ọ́n, ó ń padà lọ. Àwọn oníbàárà ń dúró lókèèrè, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń lọ.

Àwọn amọ̀kòkò Ìdí-Ebu ní orúkọ fún kòkòrò dúdú yìí. Olè-amọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nílùú wọn, ẹnikẹ́ni kì í bu amọ̀ ẹlòmíràn láìtọrọ. Wọ́n gbà pé bí ẹnìkan bá bù ú láìtọrọ, ọkàn amọ̀ ló bá a lọ, ìkòkò tí onílé bá fi ìyókù mọ yóò máa là. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí ilé olè-amọ̀ lára ògiri, wọn á fi igi họ ọ́ dànù, wọn á sì tutọ́ sójú ibẹ̀.

Ọ̀ṣúntókí, amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀, yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà. Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ló pààlà ebu àwọn méjèèjì, kòtò amọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń gbẹ́ láti ìgbà ìyá wọn. Ìkòkò Ọ̀ṣúntókí náà ń là, ṣùgbọ́n iná oníbàárà ló máa ń dá lẹ́bi.

Ó ní, "Ṣé o rí i báyìí? Agbọ́n kún ilé rẹ bí ahoro. Olè-amọ̀ ti fa ọkàn amọ̀ wa mu, ìwọ ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Mú ìtùfù, ọ̀rẹ́ mi. Iná ò mọ oyin, iná ò mọ agbọ́n."

Ẹfúnyẹlá ní, "Iná ò sì mọ òrùlé."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe? Kí o máa kí wọn kú ilé?"

"Mo fẹ́ béèrè."

Ibi tí wọ́n lọ béèrè ni ọ̀dọ̀ Ìyá Agbòkè, abọrẹ̀ Ìyámàpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Owó ẹyọ ni ìyá náà ń dà sórí atẹ. Ọ̀ṣúntókí tẹ̀ lé e nítorí pé agbọ́n wà lábẹ́ òrùlé tirẹ̀ náà, olè-amọ̀ sì wà lára ògiri rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ kí òun tó jó wọn.

Ìyá Agbòkè gbọn owó ẹyọ, ó dà á, odù Ọ̀ṣẹ́ ló yọ. Ó wò ó pẹ́, ó sì la ohùn:

Ìyẹ́ wọn jọra,
Ìwà wọn ò jọra.
Ìró wọn jọra,
Oró wọn ò dọ́gba.
Ẹni tó pe àlejò mẹ́ta lórúkọ kan
Á ṣe ọ̀kan lóore,
Á ṣe ọ̀kan níkà,
Á lé ẹni tó wá gbà á là.
Ọ̀rọ̀ tó bá amọ̀kòkò
Lọ́jọ́ tó ń sunkún lójú ebu.

Ó wo Ẹfúnyẹlá. "Irú àlejò mélòó ló wà nílé rẹ?"

"Agbọ́n ni, ìyá. Agbọ́n pọ̀ nílé mi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n pọ̀. Irú mélòó?"

Ẹfúnyẹlá sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ìyá náà ń mi orí.

Ó ní, "Gbọ́. Èyí tó wà nínú ìkòkò, tó ní irun lára, tó sanra, tí ìyẹ̀fun òdòdó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, oyin ni. Bó bá ta ènìyàn, oró rẹ̀ á há sí i lára, òun náà á kú. Ẹni tí ìjà yóò pa kì í wá ìjà. Bí o kò bá bá a jà, kò ní bá ọ jà. Èyí tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, tí ara rẹ̀ ń dán, tó gùn lẹ́sẹ̀, agbọ́n ni. Ó lè ta, kó tún ta, kó tún padà wá ta. Má bẹ̀ ẹ́, má sì bá a jà. Ẹ̀kẹta dá wà. Kò ní ọmọ ogun, kò ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀, òun nìkan ló ń kọ́lé ọmọ rẹ̀. Opó bíi tìrẹ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ẹfúnyẹlá lára.

"Ìkòkò tí oyin wọ̀ yẹn, ta ló mọ ọ́n?" ni Ìyá Agbòkè bi í.

"Ìyá mi ni, kó tó kú. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé fún Ìyálẹ́kù. Nínú gbogbo ìkòkò ilé mi, òun nìkan ni mo mọ̀ pé epo gbígbóná kò lè là."

"Òun ni ẹbọ."

Ọ̀ṣúntókí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá! Ọmọ rẹ̀ wà lóko ìwọ̀fà, kó gbé ìkòkò tó lè fi dín gbèsè fún kòkòrò?"

Ìyá Agbòkè kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Ẹfúnyẹlá dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti wálé tán. Kó má ró aṣọ aró, nítorí oyin kórìíra dúdú. Funfun ni kó ró. Kó má kun ohun olóòórùn. Kó fi èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tù wọ́n, díẹ̀ ni, kó fi aṣọ di ẹnu ìkòkò, kó gbé e jẹ́jẹ́ lọ sábẹ́ igi ẹ̀mí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ní ẹ̀yìn ìlú, kó sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Kó má béèrè rẹ̀ mọ́. Ní ti agbọ́n, kó fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀, kó lu òmíràn sára ògiri, títí ọyẹ́ yóò fi lé wọn. Ní ti ẹ̀kẹta, kó fún un ní ògiri.

"Kí o sì fún un ní ojú rẹ. Má mọ ìkòkò kankan títí o ó fi mọ ibi tó ti ń bu amọ̀. Gbé ẹ̀kọ àti epo kalẹ̀ fún Ìyámàpó, kí o jókòó, kí o máa wò." Ìgbà yìí ló tó yíjú sí Ọ̀ṣúntókí. "Ìwọ náà, ilé rẹ kò ní oyin, nítorí náà ẹbọ tìrẹ fúyẹ́. Fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún agbọ́n. Fi ògiri sílẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Fi iná sílẹ̀."

"Mo ti gbọ́, ìyá," ni Ọ̀ṣúntókí wí.

Lójú ọ̀nà ó ní, "Kí èmi dá ògiri mi lu nítorí agbọ́n? Bí wọ́n bá fẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n wá fẹ́ ọkọ mi náà."

Ẹfúnyẹlá kò rẹ́rìn-ín. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ó rò ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹbọ máa ń rọrùn fún ẹni tó ní láti rú u. Èyí tó bá rọrùn, sàárà ni. Ó ró aṣọ funfun tó fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, ó fín èéfín, ó di ẹnu ìkòkò, ó sì gbé ìkòkò ìyá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ń gbọ́ kíkùn wọn nínú amọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sun ẹkún. Ó gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi ẹ̀mí, ó tú aṣọ, ó rìn sẹ́yìn. Oyin kankan kò ta á.

Ó wá fi ọkọ́ lu ẹnu ọ̀nà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebu. Àwọn agbọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní tiwọn. Ó sì rí ohun tí kò rí rí: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n ń pa wálé fọ́mọ wọn. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ń rúwé.

Lẹ́yìn náà ló jókòó ti olè-amọ̀. Amọ̀kòkò tó jókòó láìpo amọ̀, ọwọ́ á máa yún un. Òkìtì amọ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, tútù, ó ti bomi rin ín. Ó ń ṣọ́ olè náà kó wá jalè. Olè náà fò kọjá lórí òkìtì. Ó padà dé, ó gbé amọ̀ sẹ́nu, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó tún fò kọjá lórí òkìtì. Kò bà lé e. Kò tilẹ̀ rẹlẹ̀ wò ó.

Ẹfúnyẹlá dìde dúró. Ojú tì í bí ẹni tí olè wọ oko rẹ̀ tó wò yíká tó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ó bu amọ̀ òkìtì náà, ó rún un láàárín ìka, ó wá rí i dáadáa: iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kòtò ìyá wọn ti gbó. Àgbàrá ti kó iyanrìn wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ lọ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Wọ́n ti ń pe ẹni tó kọ amọ̀ wọn ní olè amọ̀ wọn.

Ó kó igi wẹ́wẹ́ sápò, ó tẹ̀ lé e. Ènìyàn kò lè sáré bá ohun tó ń fò. Níbi tó bá ti sọnù mọ́ ọn lójú, Ẹfúnyẹlá á gún igi kan sílẹ̀, á dúró níbẹ̀ títí yóò fi tún kọjá, á tún sáré. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á relé. Bó bá mọ́, ìdí igi tó gún kẹ́yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rí i nínú pápá, wọ́n ní ìbànújẹ́ ọmọ ti yí i lórí.

Ọ̀ṣúntókí ké sí i láti ẹ̀yìn ọgbà, "Ìyá Ìbíyẹmí, àna rẹ abìyẹ́ dà? Ṣé ó ti fún ọ lóúnjẹ?"

"Ó ń mú mi lọ síbi tó ti ń rà á," ni ó dá a lóhùn.

Igi tó gún kẹ́yìn wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí omi ti ń sun lábẹ́ àpáta. Àwọn olè-amọ̀ pọ̀ ní etí omi náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ẹnu yí amọ̀ ṣùrù, wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń yí i, wọ́n ń gbé e lọ. Amọ̀ náà rí bí ọrùn àdàbà. Ẹfúnyẹlá kò tíì bù ú, ó kàn fi ìka pa á níbẹ̀, ó sì fi eyín tẹ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ wò. Kò gbọ́ iyanrìn kankan. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì kí wọn bí a ti ń kí àgbà iṣẹ́:

Amọ̀kòkò aláìlọ́wọ́,
Ẹnu lo fi ń mọlé,
Ìbàdí rẹ tín-ín-rín, iṣẹ́ rẹ kì í là.
Opó tí kò tọrọ,
Opó tí kò jalè,
Mo pè ọ́ lólè, ojú tì mí.
Mo tọrọ níbi tí o ti ń bù.

Ó tọrọ kó tó bù. Bí àṣà ìlú wọn ti wí nìyẹn.

Ó mọ ìkòkò kan, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sun ún. Nígbà tó tutù, ó fi ìka kàn án, ó dún ganran bí irin. Ó tún mọ òmíràn.

Ọjọ́ tó ń sun èyí tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀ṣúntókí so ìtùfù mọ́ orí ọ̀pá. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti kọ́kọ́ fi igi họ gbogbo ilé olè-amọ̀ kúrò lára ògiri rẹ̀, ó tutọ́ sí i, ó wá na iná sí agbọ́n. Agbọ́n kò dúró gba iná. Wọ́n tú jáde, wọ́n bò ó lójú, lọ́rùn, lápá. Ọ̀ṣúntókí ju ìtùfù sókè, ó sì sá. Orí òrùlé koríko ni ìtùfù bà lé. Ó sá gba àárín ìkòkò tútù tó tò sílẹ̀ de iná, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́lẹbẹ. Kí ará àdúgbò tó gbómi dé, òrùlé ebu rẹ̀ ti wó lé ìyókù.

Ẹfúnyẹlá bá a nídìí àmù, ojú rẹ̀ ti wú dí.

"Ta nìyẹn?" ni Ọ̀ṣúntókí wí.

"Èmi ni. Má họ ọ́." Ó bu amọ̀ tútù tó mú ti ìsàlẹ̀ òkè wá, ó ń fi í lẹ̀ ẹ́ lójú.

"Wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"N ò ráyè yẹ̀yẹ́. Ìkòkò wà lórí iná."

Ọ̀ṣúntókí sunkún lábẹ́ amọ̀. "Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ẹbọ tèmi ló fúyẹ́ jù. Wọ́n ní kí n má ṣe nǹkan kan, n ò lè ṣe é."

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí lẹ́yìn náà. Ọyẹ́ dé, agbọ́n tú ká fúnra wọn, Ẹfúnyẹlá fọwọ́ já ilé wọn lókè ẹnu ọ̀nà bí ẹni já ewé. Oyin abẹ́ igi ẹ̀mí pọ̀ sí i, afárá kún inú ìkòkò náà dé ẹnu, wọ́n sì ń fún un ní oyin mu. Ó fi igi wẹ́wẹ́ rẹ̀ han Ọ̀ṣúntókí àti àwọn amọ̀kòkò yòókù, wọ́n tẹ̀ lé wọn dé etí omi, olúkúlùkù tọrọ kó tó bù. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò họ ilé kòkòrò yẹn mọ́ ní Ìdí-Ebu. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà. Ìyá-amọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tí wọ́n ní kó rúbọ tó fi ohun tó dùn ún jù rú u, òun ni ìlú ń rọ́ lọ bá ra ìkòkò. Ẹni tó fẹ̀rín lé ẹbọ, tó mú iná ṣe ọlọ́gbọ́n, odidi ọdún kan ló fi mọ ìkòkò lábẹ́ igi láìní òrùlé, bí agbọ́n bá sì kùn níbì kan, á dìde. Àbámọ̀ ni oró tí kì í yọ lára bọ̀rọ̀.

Ẹfúnyẹlá ń gbé ìkòkò lọ sí ẹkù bí wọ́n ti ń jinná. Lábọ̀ṣíndé aláàárù ló ń bá a rù wọ́n. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó ní kó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e.

Ìyálẹ́kù kò sọ pé kú iṣẹ́. Ó gbé epo kúrò lórí iná bó ti ń hó, ó dà á sínú ìkòkò náà. Ìbíyẹmí di ọmọ odó mú, kò gún un. Ìyálẹ́kù fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìkòkò náà láti etí dé ìdí, ó yí i ká, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ gbẹ.

Ó ní, "Ìkòkò pé. Ìbíyẹmí, gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀, kí o máa bá ìyá rẹ lọ."